Orúkọ Tí Ajá Olúfúnkẹ́ Kò Mọ̀

Èmi kò fẹ́ràn ajá. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ ẹran ọ̀sìn ló ń gbé mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkìtìpupa, ajá kan gé mi jẹ lẹ́sẹ̀, láti ìgbà náà ni èmi àti ìran wọn ti ń wo ara wa láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n yàrá mi ló wà láàárín yàrá Olúfúnkẹ́ àti ti Gbéminíyì nínú ọgbà tí a jọ ń gbé ní Ikpoba Hill, ní Benin, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì tí etí mi kò gbọ́. Tíṣà ni gbogbo ọgbà ń pè mí. Mo ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe lọ́sàn-án báyìí kò ju kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n máa wo ohun tí kò kàn mí.

Olúfúnkẹ́ Ògúnwálé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ankárá ló ń tà ní Oba Market láti ìgbà tí Bùsáyọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ara rẹ̀ yá sí iṣẹ́, kò sì sí oníbàárà tó lè fi ẹ̀rín tàbí ìbínú já owó ọjà rẹ̀ wálẹ̀ tí kò bá fẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé tí nǹkan bá dùn ún, kì í sunkún, kì í sì í pariwo. Ńṣe ló máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí á fi rí ọ̀nà tó máa gbà san án padà. Ọkọ rẹ̀, Adéṣínà, ń wa ọkọ̀ tó ń kó gẹdú. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọkọ̀ wo ló máa ń bàjẹ́ síbi kan ṣoṣo? Kò pẹ́ tí Olúfúnkẹ́ fi gbọ́ pé obìnrin kan ti bímọ fún un níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Olúfúnkẹ́ sọ ọ́ fún, ìyẹn Gbéminíyì, tí àwa ń pè ní Ìyá Èyítọ́pẹ́. Aránṣọ ni, ó fi ọdún díẹ̀ ju Olúfúnkẹ́ lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọgbà wa ló sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ Olúfúnkẹ́, ọ̀dọ̀ Gbéminíyì ló ń rán an lọ. Wọ́n jọ ń lọ sí ìsìn Yorùbá ní ìjọ kan náà, wọ́n jọ ń gé iyán jẹ nínú àwo kan. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí ọ̀kan bá jẹ ata, ojú èkejì ló máa ń ṣomi.

Ọ̀rọ̀ náà wá wúwo jù fún Gbéminíyì láti dá gbé. Ó tọ Màmá Ìjọ lọ pé kó bá wọn fi í sínú àdúrà. Màmá Ìjọ sì jẹ́ ẹni tí kì í fi àdúrà falẹ̀. Ní ìpàdé àwọn ìyá tó tẹ̀lé e, ó gbóhùn sókè, ó ní, “Olúwa, rántí arábìnrin wa Olúfúnkẹ́! Obìnrin Ọ̀rẹ̀ tó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, Olúwa, gba ọkọ náà padà!” Gbogbo ilé ṣe àmín. Olúfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dijú, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣe àmín kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó ń ṣe àmín sí.

Òfófó tí a bá fi àdúrà wé, ta ló lè bá ẹni tó ṣe é jà? Gbéminíyì bẹ̀ ẹ́ títí. Ó rán mi sí i, ó rán àlùfáà sí i. Olúfúnkẹ́ kàn ń sọ fún gbogbo wa pé kò sí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́.

Ìgbà yẹn ni Bùsáyọ̀ gbé ajá wálé. Adéṣínà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, iṣẹ́ sì ti gbé ọmọ náà lọ sí Abuja, kò sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa dá yàrá gbé. Ajá òyìnbó kékeré kan ni, tí kò ga ju kókósẹ̀ lọ, funfun, etí rẹ̀ kan pọ́n bí epo. Bùsáyọ̀ jókòó, ó ń ka iṣẹ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́dọ̀ jẹun lójúmọ́. Ó ní kò gbọdọ̀ wà láìní omi, kó máa yọ eégbọn lára rẹ̀, kó sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó ní lékè gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ so ó mọ́lẹ̀.

“Mummy, this one na house dog. E no dey like make e dey alone,” ni ọmọ náà wí. “Im name na Coco.”

Ìyá rẹ̀ wo ajá náà, ó wo ojú fèrèsé Gbéminíyì. “Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Máfinútán ni yóò máa jẹ́.”

Bùsáyọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ọmọ tí a bí sí Benin yìí ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dàgbà nílùú wa mọ ohun tí orúkọ ajá wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ bá aládùúgbò jà tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́, ajá ló ń lọ rà. Yóò fi èébú náà sọ ajá lórúkọ, yóò sì máa pe ajá rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ta ló máa ní kí èèyàn má pe ajá rẹ̀? Bàbá mi àgbà mọ ọkùnrin kan tó sọ tirẹ̀ ní “Olójúkòkòrò” títí tí ẹnì kejì rẹ̀ fi kó kúrò ládùúgbò.

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ kùtù, kí Olúfúnkẹ́ tó lọ sí ọjà, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò kọ ojú sí yàrá Gbéminíyì, yóò sì kígbe pé, “Máfinútán! Máfinútán o! Má finú tán èèyàn!” Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á tún ké e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ajá fúnra rẹ̀ lè wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kó máa fi ìrù gbálẹ̀, kó máa wojú rẹ̀. Kò ní wolẹ̀ wò ó. Nígbà tó yá, ajá náà kò tilẹ̀ gbé etí sókè mọ́ tó bá gbọ́ ọ. Mo rò pé adití ni.

 Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ Gbéminíyì kàn máa ń dúró díẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ tí Bùsáyọ̀ kà sílẹ̀ kò pẹ́ dohun ìgbàgbé. Kì í ṣe pé Olúfúnkẹ́ burú. Ẹni tó ń ti Oba Market bọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti dá a lágara lórí afárá Ikpoba, kí ló kù lára rẹ̀ tó máa fi wẹ ajá? Ó so ó mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó ń bu oúnjẹ sílẹ̀ fún un láàárọ̀, adìyẹ ọgbà sì ń bá a jẹ ẹ́. Tí oòrùn bá yí, òjìji máńgòrò á kúrò lórí ajá, abọ́ omi á sì ti dojú dé. Èmi rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe ajá mi, èmi kò sì lè sún mọ́ ajá.

Gbéminíyì ló ń dìde. Yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò gbé abọ́ náà nílẹ̀, yóò bomi sí i, yóò tú okùn, yóò sì gbé ajá náà wá sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Mo máa ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kan sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, kí oníǹkan tó dé, á tún so ó padà bó ṣe bá a. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́ẹ̀kan mo bi í léèrè pé, “Ìyá Èyítọ́pẹ́, ajá tí wọ́n fi ń bú yín lẹ̀ ń tọ́jú yìí?”

Ó ní, “Tíṣà, ṣé òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di Kérésìmesì tó kọjá. Ní ọjọ́ kejì ọdún, ọjà kò sí, gbogbo wa wà nílé. Gbéminíyì wà nínú yàrá, ó ń parí aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọdún tuntun. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yin báńgà kiri, ilẹ̀ ń mì tìtì. Ọ̀kan nínú wọn ju ọ̀kan wọ inú ọgbà wa, ó sì bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ajá náà fò sókè, okùn tó ti jẹrà já, ó sì gba ẹnu géètì jáde kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀.

Olúfúnkẹ́ tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Èmi náà tẹ̀ lé e, n kò mọ ìdí. A bá a ní títì ńlá, níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dagẹ̀rẹ̀ lọ sí odò. Ọkọ̀ ńlá kan tó kó sìmẹ́ńtì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà rẹ̀ tán. Abẹ́ rẹ̀ ni ajá náà sá sí. Ó ká mọ́ ẹ̀yìn táyà, ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ṣẹ̀jẹ̀.

Awakọ̀ ti wà lórí ìjókòó. “Madam, I wan move o,” ni ó wí.

Olúfúnkẹ́ dojú bolẹ̀ lórí yanrìn. “Máfinútán! Máfinútán, jáde!”

Ajá náà kò mira.

“Máfinútán! Ṣé o ò gbọ́ ni? Máfinútán!”

Ó ń kígbe, ajá sì túbọ̀ ń wọnú sí i. Mo mú igi tín-ínrín kan, mo nà án sí i, ó sì ṣí eyín sí mi, bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe parí. Èrò ti ń pé lé wa lórí. Ọ̀dọ́kùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Madam, if you no want am again, leave am for us. New Year pepper soup don set.” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò ṣàwàdà rárá. Wọ́n ń jẹ ajá níbí, àwọn ènìyàn tèmi náà sì ń jẹ ẹ́.

A ní òwe kan tí mo ti kọ́ ọmọ iléèwé ní ìgbà tí kò lóǹkà, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ̀bi ajá ni mo máa ń pè é. Ibi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọjọ́ náà ló ti yé mi pé ó yẹ kí a máa bi ọdẹ léèrè ẹni tó ń fun fèrè náà fún. Obìnrin yìí ti pe orúkọ yẹn fún bí ọdún méjì, kò sì pè é sí ajá náà rí. Ibòmíràn ló ń sọ ọ́ sí. Ajá náà kì í ṣe adití. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ó yé Olúfúnkẹ́ náà. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó dìde, yanrìn kún iwájú orí rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá mi pe Ìyá Èyítọ́pẹ́. Mo máa ń bá irun ajá yìí lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń tú u.”

Inú bí mi. Ó ti mọ̀, ó sì ń kígbe síbẹ̀! Mo ní, “Èmi kò lọ. Ẹsẹ̀ ìwọ fúnra rẹ ni kó o fi lọ.” Mo yíjú sí awakọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo dúró sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ewú orí mi, kó lè mọ̀ pé tó bá máa lọ, orí mi ni yóò gbà kọjá.

Gbéminíyì ló sọ bó ṣe rí nílé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní Olúfúnkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò ti tẹ̀ láti ọjọ́ àdúrà yẹn. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kò dá mi lóhùn.”

Wọ́n jọ sáré dé. Gbéminíyì ṣì gbé tépù kọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó nawọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń jí ọmọ ìkókó. “Dúródèyá. Dúródèyá mi. Ó ti tó. Wá.”

Ajá náà gbé orí. Ó wọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ kan, títí orí rẹ̀ fi bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ Gbéminíyì. Awakọ̀ fọn fèrè, ó sì lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà túká.

“Kí lẹ pè é?” Olúfúnkẹ́ béèrè.

“Dúródèyá.” Gbéminíyì kò wojú rẹ̀, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ ajá. “Tí mo bá ti tú u lọ́sàn-án, kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹnu géètì ló ń lọ jókòó sí, á máa wo ọ̀nà tó o máa ń gbà bọ̀ láti ọjà. Oúnjẹ kì í mú un kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó o dé ni mo máa ń lọ fà á padà wá sínú okùn.”

Olúfúnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lójú gbogbo ayé, ó sì sunkún. Èmi kò rí i kó sunkún nígbà tí Adéṣínà kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Gbéminíyì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, èmi àti Olúfúnkẹ́ sì gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Èmi jókòó sí ìpẹ̀kun kẹ̀kẹ́ Márúwá, Olúfúnkẹ́ sì gbé e lé ẹsẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Bí dókítà ṣe rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ah, Duro! Wetin do your leg?” Lẹ́yìn náà ló wo Olúfúnkẹ́ bí ẹni wo àlejò. “Where the other mama? Na she dey bring am come take injection.”  Ọwọ́ Olúfúnkẹ́ wà lórí ajá náà títí a fi délé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, n kò gbọ́ igbe kankan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá Gbéminíyì. Ó sọ gbogbo ohun tó yẹ kó ti sọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Gbéminíyì gbé e dìde, ó ní ẹ̀bi tòun ni àkọ́kọ́, pé ẹnu òun ló gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi tí kò yẹ. Àwọn méjèèjì sunkún. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn ògiri mi, tí mo ń rò pé iyán àjọjẹ ti padà dé, nígbà tí mo gbọ́ tí Gbéminíyì ní, “Ṣùgbọ́n mo ti gba yàrá ní Iyaro, Fúnkẹ́. Láti oṣù tó kọjá ni. Mò ń kó lọ tí ọdún bá ti yí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ ti dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì ọ́ tọkàntọkàn. Etí mi ni kò tíì gbàgbé. Fún bí ọdún méjì, kí n tó gbọ́ orúkọ Ọlọ́run láàárọ̀, orúkọ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ nínú ọgbà yìí, àyà mi ti ń já. Jẹ́ kí n lọ síbi tí mo ti lè jí.”

  Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá; òkò ti Olúfúnkẹ́ kò tilẹ̀ dé ọjà rárá.

Ó kó lọ lóòótọ́. Olúfúnkẹ́ bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Gbéminíyì sì fa ajá lé e lọ́wọ́, ó ní, “Ìyá rẹ̀ ni ọ́. Má so ó mọ́.”

Kò so ó mọ́. Ẹ lọ bi gbogbo ọgbà. Ó ń tètè kúrò lọ́jà báyìí, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń kùn. Ó ń wẹ ajá náà, ó ń fi ọwọ́ yọ eégbọn lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ pè é, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wojú rẹ̀, á sì pe Dúródèyá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ajá náà ń dá a lóhùn, ó ń fi ìrù gbálẹ̀. Èmi gan-an ni mo ń bomi sínú abọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, mo ń fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ rẹ̀ láti òkèèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo wà lórí àga mi nígbà tí Olúfúnkẹ́ ti ọjà dé. Ajá náà wà lẹ́nu géètì, níbi tó máa ń jókòó sí. Ó dìde fún un, ó lá a lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Olúfúnkẹ́ wọlé, ó sì ń pè é kó wá jẹun. Kò wọlé. Ó ti padà jókòó. Kò wo ọ̀nà ọjà mọ́. Apá kejì títì ló kọjú sí, níbi tí ọkọ̀ tó kó ẹ̀rọ ìránṣọ gbà lọ.

Olúfúnkẹ́ gbé abọ́ oúnjẹ jáde wá, ó wo ibi tó kọjú sí. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ sílẹ̀, ó ká ìró rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ tì í lẹ́nu géètì. Àwọn méjèèjì jọ ń wo títì.